Àmì-Ẹ̀yẹ Tí Àna Kò Gbà Gbọ́

Ẹ ti fura tẹ́lẹ̀, kí ni mo tún ń fi í pamọ́ fún: ọkùnrin tó ń fi àmì-ẹ̀yẹ ológun sáyà lọ ra búrẹ́dì kò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀rọ amúnáwá ni Sójà, bí àdúgbò ṣe ń pè é, ń tún ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Lóòótọ́ ló bá àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsáàwọ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè, lóòótọ́ sì ni ọ̀gágun kan lẹ àmì-ẹ̀yẹ mọ́ ọn láyà, bó ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo àwọn tí wọ́n jọ tò lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí Sójà bá ń sọ ọ́, ẹ ó rò pé òun nìkan ló dúró láàárín ogun méjì, tó nawọ́ sọ́tùn-ún, tó nawọ́ sósì, tí ìbọn sì panu mọ́.

Ó ti sú ìyàwó rẹ̀. Ó sú u débi pé bí ọkọ bá ti ní, "Lọ́jọ́ tí a dé ibùdó," á dìde lọ wo omi tí kò gbé kaná.

Àna wọn, bàbá ọkọ ọmọ wọn, akọ̀wé báńkì tó ti fẹ̀yìn tì, ló wá da epo sí iná. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jẹun tán nílé àwọn ọmọ, ó gba àmì-ẹ̀yẹ náà, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó dá a padà, ó ní irú rẹ̀ kún ọjà àlòkù fọ́fọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ Sójà lára. Inú ilé yẹn ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ṣé wọ́n á máa sọ fún un pé òpùrọ́ ni bàbá ìyá rẹ̀?

Nígbà tí ọjọ́ àyẹ́sí àwọn apẹ̀tùsáàwọ̀ pé, ó fúnra rẹ̀ fi takisí lọ gbé àna rẹ̀. Sójà jókòó sáàárín, ìyàwó wà lósì, àna wà lọ́tùn-ún. Kò pẹ́ tó fi kíyè sí i pé etí kóòtù òun nìkan ni àna ń rí. Ló bá tú àmì-ẹ̀yẹ kúrò lápá òsì, ó fi í sápá ọ̀tún.

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tí ọ̀gá yín fi í sí."

"Àyà ta ni?"

"Àyà yín ni."

"Ó parí nìyẹn."

Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, obìnrin ológun kan wo àyà Sójà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó sì di apá rẹ̀ mú bí ẹni mú ẹyin. Ó kọjá lára àwọn ọ̀gá tí kò ríbi jókòó, ó mú wọn lọ sí ìlà iwájú pátápátá. Sójà ò tíì jókòó tó fi tẹ̀ sétí àna.

"Ṣé ọjà àlòkù náà rèé?"

Àna ní òun ti rí i, kí wọ́n má bínú, ẹnu òun ló yá jù. Ó ní òun á tún un sọ nílé, lójú àwọn ọmọ. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìyàwó Sójà wo ọkọ rẹ̀ tí kò pòṣé.

Obìnrin kan tó wọ dúdú jókòó tì wọ́n, irú àmì-ẹ̀yẹ kan náà wà láyà rẹ̀ lápá ọ̀tún. Ó kí wọn, ó fọwọ́ kan tirẹ̀.

"Ti ọkọ mi lèyí. Tiyín ńkọ́, sà, ti ta ni?"

Kí Sójà tó lanu, àna ti wo aṣọ dúdú náà, ó wo gbogbo ìlà iwájú tí wọ́n wọ dúdú bákan náà, ó wá gbọ́wọ́ lé èjìká Sójà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Àna mi, ẹ̀ bá ti sọ fún mi pé ti bàbá yín ni."

Láàárín àwọn ológun wọn, àyà òsì ni ẹni tó gba àmì-ẹ̀yẹ ń fi í sí. Ẹbí òkú ló ń fi í sápá ọ̀tún.