Sítóòfù Tó Tutù

Bí ìbínú bá ń pa ènìyàn, Màmá Ẹ̀bùnlọlá ì bá ti kú lọ́sàn-án Sátidé kan báyìí ní ọdún 1979. Ọlábánjí, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, bàbá Ẹ̀bùnlọlá, gbé ọkọ̀ akẹ́rù láti Súrùlérè wá sí Fẹ́sítáàkì. Kò tíì kí ìyá rẹ̀ tán tó ti ń ká kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀.

"Bánjí, kí lò ń ká?"

"Ẹrù yín ni, mà. Ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ ò lè máa dá gbé mọ́. Àwọn èèyàn ń bú mi. Bí òkété bá dàgbà tán, ṣebí ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu."

"Ṣé mo jọ òkété lójú ẹ ni?"

Àwọn èèyàn! Àwọn èèyàn kọ́ ló tẹ táípù ní ọ́fíìsì ìjọba títí ìka fi wọ́. Àwọn èèyàn kọ́ ni orúkọ wọn jáde nígbà tí ìjọba ń fi ìbò pín ilé. Màmá ti lọ gbé ilé Ọlábánjí wò rí fún oṣù kan. Ìyàwó ibẹ̀ kò ṣe é níbi. Ọmọ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ti fọwọ́ kan ṣíbí ọbẹ̀, ìyàwó á ti sáré gbà á: "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ sinmi." Ìsinmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di aláìsàn.

Òótọ́ ni pé nígbà tó padà wálé, nǹkan ò kọ́kọ́ rọrùn. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ọkọ ló ti ń se ti agbo ilé, ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti ń se ọbẹ̀ ẹnì kan. Á ní òun fẹ́ se díẹ̀, ìkòkò á kún. Iná á lọ, ọbẹ̀ á kan, á máa dà á nù rẹpẹtẹ. Owó ìfẹ̀yìntì wo ló fẹ́ gba irú ìnákúnàá bẹ́ẹ̀? Ìgbà tó rí i pé Màmá Bernice, nọ́ọ̀sì tó fẹ̀yìn tì nílé kejì, ń da tirẹ̀ nù bákan náà, ni àwọn méjèèjì bá dìmọ̀ pọ̀: lónìí èmi á dáná fún wa, lọ́la ìwọ. Bàbá Gbádégẹṣin tó ń dá gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní kí wọ́n mú òun mọ́ ọn. Wọ́n gbà, wọ́n ní kó ṣáà má dáná. Ọbẹ̀ tó sè nígbà kan, ajá gbóòórùn rẹ̀, ajá yà. Òun ló ń ra kẹrosíìnì àti ẹja.

Ọlábánjí kò mọ ìkankan nínú èyí. Ó wọ ilé ìdáná, ó fọwọ́ kan sítóòfù, ó tutù. Ó ṣí fìríìjì, omi àti ata díẹ̀ ló bá níbẹ̀. Ìkòkò ńlá ìyá rẹ̀ dojú délẹ̀, ó gbẹ. Nígbà tó fi máa jáde, omi ti lé sójú rẹ̀.

"Màmá, ebi lẹ fi ń pa ara yín!"

"Ebi wo? Gbọ́ ná..."

Kò gbọ́. Ó ti gbé ìkòkò lọ sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ló ti pàdé Màmá Bernice tó gbé abọ́ ẹ̀gúsí àti ẹ̀bà bọ̀. Ló bá káwọ́ lérí, ó kọjú sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ó ti di pé kẹ́ ẹ máa gba oúnjẹ ládùúgbò, Màmá!"

"Gba kí ni?" Màmá Bernice bú mọ́ ọn. "Ta ló gbé ìkòkò yẹn sínú ọkọ̀? Ọ̀la Sọ́ńdè ni ìyá ẹ máa se ìrẹsì fún wa!"

Màmá Ẹ̀bùnlọlá fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó fi ìbínú ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un. Ọlábánjí tẹrí ba.

"Ṣùgbọ́n Màmá, ṣé oúnjẹ ò sí nílé mi ni?"

"Ó wà. Wọ́n ń bù ú fún mi, mò ń jẹ. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà lọ́dọ̀ yín, ta ni mo bu oúnjẹ fún?"

Ọlábánjí fọwọ́ nu ojú rẹ̀.

"Lọ gbé ìkòkò mi wá."

Ó gbé e wá, ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì padà. Màmá pín ẹ̀gúsí náà sí abọ́ méjì, ó gbé èyí tí ẹja pọ̀ níbẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀.

"Jẹun," ó ní, inú ṣì ń bí i. "Kó o sì kó ìyàwó ẹ àtàwọn ọmọ wá lọ́la. Èmi ni mo máa bu oúnjẹ fún wọn."