Wáìnì Bàbá Shalva

Ife náà kò tíì kan ètè Tsira tí imú rẹ̀ ti kọ̀ ọ́. Wáìnì kọ́ lèyí mọ́. Ó ti kan, ó kan kọjá kíkan, òórùn rẹ̀ sì ń ta síni nímú bí ọ̀dà èékánná. Tsira wo òsì, ó wo ọ̀tún. Gbogbo àwọn tó jókòó yí tábìlì gígùn náà ká lábẹ́ ìtàkùn àjàrà ló gbé ife sókè, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ká ṣẹ́gun o!" Ọ̀gá Otar, ọ̀gá ilé-ìwé abúlé, ló pariwo bẹ́ẹ̀. Òun ni alága ìjókòó lọ́jọ́ náà. "Wáìnì Bàbá Shalva ò lẹ́gbẹ́ ní gbogbo agbègbè Kakheti!"

"Kò lẹ́gbẹ́!" ni gbogbo wọn dáhùn. Wọ́n dijú, wọ́n gbé e mì bí ẹni ń mu àgbo. Ọ̀gá Otar fúnra rẹ̀ mu díẹ̀, omi lé ròrò lójú rẹ̀, ó sì rọra da ìyókù sínú ìkòkò òdòdó tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òdòdó ọ̀hún ti kú tipẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó pa á.

Ìyá Tsira fẹsẹ̀ tẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. "Mu ún," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Kí o sì rẹ́rìn-ín."

Ẹ má dá obìnrin náà lẹ́bi. Bàbá Shalva, tó fi ogójì ọdún ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ajílẹ̀ ní ìlú Rustavi, ló ya owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ kan sọ́tọ̀ fún ọmọ abúlé tó bá ń ka kẹ́místírì ní yunifásítì. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ àsè ìkórè àjàrà, ló máa ń pe ẹni tó bá béèrè owó náà wá jẹun, kó tó sọ bóyá òun á fún un. Lọ́dún tó kọjá, kò fún ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ tó wá ń jẹun bí ẹni tọ́kàn rẹ̀ wà níbòmíràn. Lọ́dún yìí, Tsira ló béèrè. Màlúù tí ìyá rẹ̀ tà ló sanwó ọdún kìíní. Màlúù mìíràn ò sí. Bí Bàbá bá kọ̀ lónìí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni Tsira máa wọkọ̀ lọ bá àbúrò ìyá rẹ̀ ní Ítálì, níbi tí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó kan ti ń dúró dè é. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ̀ fi ń kọ ọ́ sí i létí láti àárọ̀ pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Tsira ti fẹ́ gbé e mì nígbà tójú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Shalva. Bàbá ti imú bọnú ife tirẹ̀, ó fà á símú títí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́, kò tilẹ̀ fajú ro. Ó wá yé Tsira. Bàbá yìí ò gbóòórùn. Àánú rẹ̀ ṣe é débi pé ó gbé ife náà sílẹ̀.

Bàbá gbé jọ́ọ̀gì tó ti ṣófo. "Ẹ má dìde o, mo fẹ́ lọ bu sí i."

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, Bàbá."

"Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́!" ni Ọ̀gá Otar wí, bẹ́ẹ̀ ni ìyá Tsira ń fojú bẹ ọmọ rẹ̀.

Yàrá tí Bàbá ń tọ́jú wáìnì sí tutù. Ìdérí àwọn àmù ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tò lọ bẹẹrẹ. Bàbá tẹ̀ba, ó ṣí ọ̀kan.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"O ò tíì ṣe nǹkan kan, o ti ń bẹ̀bẹ̀?"

"Wáìnì yín ti kan." Ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sì lè dúró mọ́. "Àmù yẹn ò kún dẹ́nu, ni atẹ́gùn fi ráyè wọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ lọ́dún kìíní. Ó dáa fún ewébẹ̀, Bàbá. Kò ṣeé mu."

Bàbá rọra gbé ìdérí náà kalẹ̀. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, Tsira rò ó nínú ara rẹ̀. Òun ti ta yunifásítì òun báyìí, Ítálì ló kù.

"Láti ìgbà wo?" Bàbá béèrè.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ṣùgbọ́n òdòdó ẹ̀yìn Ọ̀gá Otar ti gbẹ pátápátá."

Bàbá yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ìkòkò òdòdó, ó wo Otar. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí ìdérí àmù. "Ọdún mẹ́fà! Tó bá ti mu ún, omi á máa bọ́ lójú ẹ̀. Adùn ni mo rò pé ó ń pa á lẹ́kún!"

Nígbà tó mí kanlẹ̀ tán, ó ní àkàbà lòun ti jábọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, tí òun fi orí gbalẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni imú òun ti kú, ẹnu òun ò sì mọ kíkan yàtọ̀ sí adùn mọ́. "Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ará Kakheti tí ò gbóòórùn wáìnì! Wọn ò bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ wọ sàréè."

Ó dìde, ó na ọwọ́ sórí pẹpẹ, ó gbé ìgò kan tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu. Ó fi apá aṣọ rẹ̀ nu eruku rẹ̀.

"Mzia ìyàwó mi ló ṣe é, ọdún tó kú. Ọdún kejì ni mo ṣubú. Ìgò kan yìí ló kù. Mi ò ṣí i, torí ta ni mo fẹ́ bi? Àwọn wọ̀nyẹn?" Ó nawọ́ síta. "Wọ́n á ní kò lẹ́gbẹ́."

Ó ṣí i, ó dà á sínú ife, ó nà án sí Tsira. "Bó bá ti bàjẹ́, sọ pé ó ti bàjẹ́."

Tsira gbóòórùn rẹ̀. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Àwọn orúkọ gígùn tí wọ́n kọ́ ọ ní yunifásítì sáré wá sọ́kàn rẹ̀, kò sì rí èyí tó wúlò nínú wọn.

"Kò bàjẹ́, Bàbá. Oyin ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ápù tí wọ́n tọ́jú sínú koríko gbígbẹ. Èéfín díẹ̀ sì wà níbẹ̀, bíi ti yàrá ìdáná."

"Èéfín." Omi ti kún ojú Bàbá. "Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Mzia ti máa ń dáná búrẹ́dì. Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a jà lórí ẹ̀. Mo ti gbàgbé."

"Bàbá Shalva!" Ohùn Ọ̀gá Otar dún láti ìta. "Òùngbẹ ti fẹ́ pa wá o!"

Bàbá nu ojú, ó bu wáìnì kíkan kún jọ́ọ̀gì dẹ́nu. "Gbé e lọ fún un. Sọ pé mo ní kó dá a mu tán lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ Ajé lẹ máa wọlé, àbí? Lọ́la, ká lọ sanwó yunifásítì ẹ. Tó bá sì di ọdún tó ń bọ̀, kí o wá gbóòórùn gbogbo àmù mi kí n tó pe ẹnikẹ́ni."

Tsira gbé jọ́ọ̀gì náà, ọkàn rẹ̀ ń jó. Lẹ́nu ọ̀nà, ó bojú wẹ̀yìn. Bàbá ti gbé ife wáìnì Mzia súnmọ́ imú tó ti kú, ó dijú, ó ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: oyin, ápù, èéfín. Kò bi Tsira bóyá òótọ́ ni.