Tọ́ọ̀pù Orí Tábìlì Ìjẹun

Orí bẹ́ẹ̀dì ni Akínbọ́lá wà nígbà tó kéde pé ọkọ̀ àwọn kò mí dáadáa. Monínúọlá ìyàwó rẹ̀ gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí òun ti ń sùn ti ọkùnrin yìí, tó ń hanrun bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó ìrẹsì ní Ìgbẹmọ, kò sì sí ẹni tó bá òun wá ìwòsàn fún mímí tirẹ̀. Ọkọ̀ ló wá rí aláàánú.

"Kí ló ń ṣe é?"

"Àwọn ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì ló há. Èyí tí èéfín ń gbà jáde náà há. Bí èèyàn bá lè fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó sì dán an, ọkọ̀ yẹn á máa gun òkè ọ̀nà Ìyìn bí ewúrẹ́."

"Ṣé àwọn tó ṣe é ò mọ̀ ni?"

"Wọ́n mọ̀. Wọn ò ráyè ni."

Inú Monínúọlá dùn láti gbọ́ pé àwọn tó ń fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn ṣe mọ́tò kò ráyè, ṣùgbọ́n ọkọ òun, igbákejì olùdarí ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Adó, ti ráyè bá wọn ṣe é. Inú fóònù ló ti kọ́ iṣẹ́ náà, lọ́dọ̀ òyìnbó onírùngbọ̀n kan tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó wa Gọ́ọ̀fù wọn lọ bá Mutallib, mẹkáníìkì wọn ní Fájuyì, ó ní kó tú irin tó dé ẹ́ńjìnnì lórí, èyí tí wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀pù.

"Kí ló ṣe é, Dádì?" Mutallib béèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan. Ilé ni mo fẹ́ gbé e lọ."

Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni Mutallib, kì í bá oníbàárà jiyàn. "Ẹ máa gbé e lọ, sà. Èmi náà fẹ́ rí bó ṣe máa rí."

Bí tọ́ọ̀pù ṣe dé orí tábìlì ìjẹun nìyẹn, tábìlì tí Monínúọlá kì í jẹ́ kí àlejò gbé fìlà lé. Akínbọ́lá tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, ó fi òkúta kékeré tó ń yí bìrìbìrì sẹ́nu dìríìlì, ó gbé awò ńlá wọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ sínú òṣùpá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ha inú ihò. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa eyín erin. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé láti ibi iṣẹ́ ni. Eruku irin funfun bo fáànù, ó bo kọ́tìnì, ó dénú bọ́tà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi, oòrùn gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, ó bọ́ sórí Akínbọ́lá láàárín ẹgbẹ́ akọrin, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ń tàn yinrinyinrin. Ìyá Adémọ́lá tí wọ́n jọ jókòó bi Monínúọlá pé ìpara wo ni ọkọ rẹ̀ ń lò.

"Ìpara Gọ́ọ̀fù ni," Monínúọlá dáhùn. "Ẹ ò lè rí i rà lọ́jà."

Takisí ló wá ń gbé Monínúọlá lọ sí Ìyìn, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àpò gààrí àti ọkùnrin kan tó ń ròyìn jẹ̀díjẹ̀dí rẹ̀ láti Adó títí dé Ìyìn. Ojú ọ̀nà yìí ló ti máa ń to èébú jọ fún ọkọ rẹ̀, èyí tó dáa jù lọ, tó ti ká sílẹ̀ bí aṣọ ìsìn.

Lọ́jọ́ kan tó wọlé, kò gbọ́ ariwo. Akínbọ́lá jókòó ti tábìlì, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sábẹ́ itan.

"Mo ti bà á jẹ́," ó ní. "Dìríìlì fò lọ́wọ́ mi, ó ha ibi tí fáàfù tó ń dé ihò ń jókòó sí."

"Kí ló dé tó fò?"

Ó fa ọwọ́ yọ, ó gbé e sórí tábìlì. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bí ewé tó ń mì láìsí atẹ́gùn.

"Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Níbi iṣẹ́, wọ́n rò pé ìkánjú ni mo fi ń buwọ́ lùwé."

Monínúọlá ní èébú tó pé perepere lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì.

"Lọ́jọ́ Ajé, a máa lọ fi ọwọ́ yẹn han dókítà. Ihò mélòó ló kù?"

"Méjì."

Ó so gèlè rẹ̀ le, ó bọ́ awò ńlá lójú ọkọ rẹ̀, ó gbé e wọ̀. "Ẹ kọ́ mi."

Ọwọ́ Monínúọlá ti di ọwọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mú fún ọdún gbọọrọ, kí A má baà dorí kodò, kí B má baà sanra jù. Kò gbọ̀n. Akínbọ́lá ń fi ọwọ́ òsì tan tọ́ọ̀ṣì sí inú ihò.

"Díẹ̀díẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Jẹ́ kó máa yí."

"Ṣé èmi ni mo ha ibi tó bà jẹ́ yẹn ni, Bàbá Jùwọ́n?"

Akínbọ́lá sún tọ́ọ̀ṣì mọ́ ihò. Irin ń ré bọ́ bí ìyẹ̀fun, ògiri ihò ń dán sí i, ara Monínúọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ohun tí kò ní jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ níwájú pẹpẹ.

Dókítà ní kì í ṣe àìsàn tó ń pani, ó fún un lóògùn, ó ní kó sinmi. Tọkọtaya náà gbé tọ́ọ̀pù padà lọ bá Mutallib, ó bu nǹkan dúdú bí ọ̀rá sí ibi tí dìríìlì ha, ó fi fáàfù lọ̀ ọ́ títí ó fi jókòó dáadáa. Ó wá ń ti ìka bọ àwọn ihò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Dádì, méjì yìí dán ju ìyókù lọ o."

Akínbọ́lá wúkọ́. "Ó ti mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà yẹn ni."

Monínúọlá wo ojú ọ̀run, bí ẹni tó ń wá òjò.

Òun ló wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nítorí dókítà ti ní kí ọkùnrin yẹn sinmi. Wọ́n dé òkè ọ̀nà Ìyìn, ó tẹ iná mọ́ ọn, sàlẹ́ńsà bú, wọ́n sì ya ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu sílẹ̀ wùyà.

"Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń mí?" Akínbọ́lá béèrè, ojú rẹ̀ ń tàn.

Ní ti òdodo, Monínúọlá kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ àwọn ló lágbára sí i, àbí iṣu ló pọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kejì. "Mo gbọ́," ó ní. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Kò pẹ́ rárá tí Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹyè, tí òun àti Akínbọ́lá jọ ń ṣiṣẹ́, fi gbé tọ́ọ̀pù ọkọ̀ tirẹ̀ wá nínú àpò sìmẹ́ńtì. Akínbọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ họ orí. "Ẹ má bínú, ìyàwó mi ò fẹ́ràn irú èyí nínú ilé."

"Ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì," Monínúọlá sọ láti inú ilé ìdáná. "Ihò mélòó ló ní?"

"Mẹ́rìndínlógún ni, mà," Adéyẹyè dáhùn.

Monínúọlá ní iye tí ọwọ́ òun ń wá gan-an nìyẹn. Akínbọ́lá lọ wá ìwé ìròyìn tí wọn yóò tẹ́.