Nọ́ńbà Tí Ìyá àti Ọmọ Jọ Ní

Láti ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wọ ilé iṣẹ́ tí òun náà ti ń ṣiṣẹ́ ni ara Ẹ̀gbọ́n kò ti balẹ̀ mọ́. Òun ló mú un wá, òun ló sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Nísinsìnyí, bí iṣẹ́ bá ta kókó, ọ̀gá á na ọrùn kọjá orí rẹ̀, á ní, "Olórí-pípé dà?" Àbúrò ló ń pè bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwòsàn kan ló gbé iṣẹ́ fún wọn, pé kí wọ́n kó orúkọ àwọn aláìsàn òun sínú kọ̀ǹpútà. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ní àmì kan tí ẹlòmíràn kò ní, èyí tí kọ̀ǹpútà yóò fi dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa fún wọn ní nọ́ńbà bí wọ́n bá ṣe ń dé. Àbúrò ní nọ́ńbà fóònù ló dára, nítorí kò sí ẹni tí í gbàgbé tirẹ̀. Ti àbúrò ni ọ̀gá mú. Ẹ̀gbọ́n bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta bí ojú tí ata kó sí.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n fi iṣẹ́ náà hàn, Ẹ̀gbọ́n ń dán an wò. Ó kọ orúkọ ìyá kan àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sí i, ó fi orúkọ ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ ọwọ́ kò ní fóònù. Nọ́ńbà ìyá ló tẹ̀. Kíá ni orúkọ ìyá pòórá. Orúkọ ọmọ jókòó sípò rẹ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn, ojú sì tì í pé ó dùn. Kó kàn dákẹ́ ni. Lọ́la, lójú gbogbo ènìyàn, Olórí-pípé á wá wí tẹnu rẹ̀. Àbúrò wà ní tábìlì kejì, ó ń fi imú kọ orin ìsìn. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.

"Wá wo ohun tó o ṣe."

Àbúrò wò ó, ó káwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí kì í bá ṣe tiyín, ǹ bá tẹ́ lọ́la."

"Díẹ̀ ló kù kí n jẹ́ kó o tẹ́."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

Wọ́n jọ tún un ṣe, kọ̀ǹpútà wá ń fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ọ̀gá ń yin Olórí-pípé, àbúrò ní ẹ̀gbọ́n òun ló rí àṣìṣe náà. Ọ̀gá ní ìrẹ̀lẹ̀ àbúrò gan-an ló wu òun jù. Ẹ̀gbọ́n di ojú, ó bẹ Olúwa kí ó gba owú yìí lọ́wọ́ òun. Kí ó tó ṣe àmín, ó ti lajú wo ẹni tí ọ̀gá ń bọ̀ lọ́wọ́.