Gíláàsì Ta Ló Kàn?

Níbi tí wọ́n ti ń gé gíláàsì ojú, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe obìnrin tó kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn. Bí akọ̀wé bá tẹ orúkọ oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, Bàbá Onígíláàsì tó ń gé gíláàsì ní yàrá ẹ̀yìn á rí i lórí fóònù rẹ̀, á sì máa mú iṣẹ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni Àǹtí fi kọ ètò náà, òun sì niṣẹ́ àkọ́kọ́ tó dá gbà. Màdámú tó ni ilé iṣẹ́ ní òun á fi oṣù kan dán an wò. Bó bá dára, ẹ̀ka mẹ́ta yòókù á gbà á. Bí kò bá dára, kálukú á padà sídìí ìwé.

Ó ku ọ̀la kí oṣù pé nígbà tí Màdámú ránṣẹ́ pe Àǹtí. Olùkọ́ kan wà ní ọ́fíìsì tó ti ń retí gíláàsì rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti gba tiwọn lọ. Màdámú fún Àǹtí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ láti tún un ṣe.

Lórí kọ̀ǹpútà, olùkọ́ ló wà lókè. Lórí fóònù Bàbá, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, lábẹ́ ogójì èèyàn. Kọ̀ǹpútà máa ń to orúkọ bí wọ́n ṣe dé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́, torí náà Àǹtí kò kọ àṣẹ títò sínú ètò náà rí. Fóònù kò rí àṣẹ gbà, ló bá ń kó orúkọ jáde bó ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ń pọnmi fún kì í mọ ọ̀nà odò.

Ó bi Bàbá bóyá kò fura. Bàbá ní òun ti rí i láti ọjọ́ kejì.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ, Bàbá?”

“Ṣebí ìwọ lo dúró síbí, tó o ní ká má bá ẹ̀rọ jiyàn. Mi ò bá a jiyàn. Mo rò pé ó mọ ohun tí mi ò mọ̀ ni.”

Òótọ́ ni, bí Àǹtí ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn. Ìlà àṣẹ kan péré ni àtúnṣe ètò náà. Ó ti kọ ọ́ tán kó tó rántí bi Bàbá bó ṣe ń yan iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń lo ìwé.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó kọ́kọ́ dé kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbà, ọmọ mi. Ẹni tí kò ní gíláàsì òmíràn nílé ni. Ẹni tó ní méjì, tó kàn fẹ́ pààrọ̀ férémù, sùúrù ò ní pa á. Àmọ́ ẹni tí kò lè ríran sọdá títì, ṣé a máa ní kó lọ tò ni?”

Àǹtí pa ìlà náà rẹ́. Òun àti akọ̀wé pín orúkọ, wọ́n ń pe oníbàárà lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ní gíláàsì mìíràn. Ó wá pa kọ̀ǹpútà àti fóònù láṣẹ pé ẹni tí kò ní ni kó ṣáájú, kí àwọn tó kù tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe dé.

Nígbà tí aago mẹ́rin lù, Màdámú gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó fi ìka tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ bára mu, olùkọ́ tí kò ní òmíràn ló sì wà lókè.

“Fóònù ló ṣe é, àbí?”

“Rárá, mà. Èmi ni. Mi ò pa á láṣẹ, mo sì pa Bàbá lẹ́nu mọ́.”

Màdámú ní òun ò tíì lè gbé e fún ẹ̀ka mẹ́ta. Kí Àǹtí mú un lọ sí ẹ̀ka kan péré, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń gé gíláàsì níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Àǹtí béèrè aago tí ẹni náà máa ń wọlé. Màdámú ní aago méje. Àǹtí kọ ọ́ sílẹ̀.