Ìbọn Ọlọ́wọ́ Òsì tí Rhéal Ń Retí

Ìkánjú pọ̀ lára Rhéal Lachance, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ní Hearst, ìlú kan ní Kánádà. Ẹ̀ka igi gún un lójú ọ̀tún, ló bá di dandan kó máa fi òsì yìnbọn, àmọ́ ìbọn ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì já gaara lórí ẹ̀ mọ́. Huguette tó ni ṣọ́ọ̀bù ìbọn wá sọ fún un pé ìbọn tuntun kan ń bọ̀ láti òkè òkun, pé wọ́n ń ṣe ti ọlọ́wọ́ òsì, àti pé àwọn ọlọ́pàá ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti fọwọ́ sí i. Kí ni bàbá yìí ṣe? Ọjọ́ yẹn gan-an ló ta ìbọn àtijọ́ fún Normand, àbúrò Fleurette, ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Òjò kàn ṣú ni, ó ti da omi inú àmù nù.

Ọdún yẹn sì ni ìwé àṣẹ akọ múùsì bọ́ sí i lọ́wọ́. Múùsì yìí, àgbọ̀nrín tó ga ju ẹṣin lọ ni, ìgbà tí Fleurette ṣì wà láyé ni Rhéal ti ń kó máàkì jọ kí wọ́n tó lè fún un láṣẹ láti pa ẹyọ kan. Ẹni tó bá ti rí i gbà, òdo ni máàkì rẹ̀ máa padà sí. Arúgbó ni Rhéal. Ó mọ̀ pé òun ò ní rí òmíràn gbà mọ́.

Ó pe Huguette, ìyẹn ní ìbọn ti wà lójú omi. Ó pe àwọn tó ń kó o wọlé ní Montréal, wọ́n ní kò tíì kúrò níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó tún pè, ẹlòmíràn gbé e, ó ní ó ti dé tipẹ́. Ibo ló wá wà? Wọ́n ti fọwọ́ sí i, ni gbogbo wọn ń wí. Orí bàbá dàrú. Ọkọ̀ ẹrù tó bá ti ń kọjá ní títì, á dìde wò ó.

Ìgbà ọdẹ ku díẹ̀ kó parí nígbà tí páálí dé. Rhéal tú u, ó wò ó, ó yí i po. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Huguette wá ń ṣàlàyé pé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún ni wọ́n fọwọ́ sí, pé ìwé ti òsì yàtọ̀, wọn ò tíì dé orí ẹ̀. Rhéal ò tiẹ̀ mọ ẹni tí òun ì bá bínú sí.

Normand ló wá bá a nílé. Ó ní, “Àna mi, ṣé ìwọ nìkan lò ń dọdẹ ni? A jọ ń lọ. Ìwọ pè é, èmi á yìn ín.”

Òótọ́ ni, bí wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn: ẹni tí wọ́n jọ ń dọdẹ lè bá ẹni tó ní ìwé àṣẹ yìn ín. Láàárọ̀, Rhéal gbé fèrè èèpo igi sẹ́nu, ó ké bí abo múùsì. Akọ dáhùn. Ó ń fọ́ igi bọ̀ títí ó fi yọ síwájú rẹ̀, ó dúró, ó ń wò ó. Ọwọ́ Rhéal méjèèjì gbéra fúnra wọn, wọ́n nà síwájú bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn, kò sì sí nǹkan kan nínú wọn. Ìbọn rẹ̀ àtijọ́ dún lẹ́yìn rẹ̀.

Ó so ìwé àṣẹ mọ́ ìwo ẹran náà. Normand ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń kí i pé o kú iṣẹ́, omijé sì ń bọ́ lójú bàbá. Ṣé òun ló pa á, àbí òun kọ́? Kò mọ̀.

Wọ́n ń darí lọ sílé nígbà tí fóònù dún. Huguette ni, inú rẹ̀ ń dùn.

“Rhéal, wọ́n ti fọwọ́ sí ti òsì!”

Rhéal bojú wẹ̀yìn wo ìwo tó yọ sókè nínú ọkọ̀ àti ìwé àṣẹ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lára ẹ̀.

“Fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ọ̀kan,” ló wí.

Normand yíjú wò ó. Rhéal náà ò mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀.