Ọjọ́ Tí Sereima Wọlé Jẹun

"Sereima, wá jẹun o!"

Ẹnu ọ̀nà ni Bubu Unaisi jókòó sí tó ti pè é. Ìpè náà kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní àdúgbò wọn létí òkun lẹ́yìn ìlú Suva, ní erékùṣù wọn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú lọ, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n máa ń ké sí láti ilé dé ilé, ì báà jẹ́ ẹni tí wọ́n bá jà láàárọ̀. Ẹni tí wọ́n ké sí á rẹ́rìn-ín, á ní, "Á gba ibi ire o, mo ti yó," á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúró wo ohun tó wà nínú ìkòkò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sereima dúró. Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹríba, ó ní, "Ẹ ṣé, Bubu. Ebi tilẹ̀ ń pa mí." Ó sì wọlé.

Bubu, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pe ìyá àgbà náà, kò tètè dìde. Ó wo sálúbàtà náà títí kó tó bú sẹ́rìn-ín.

"Yéè! Ṣé wọn kì í fún yín lóúnjẹ ní yunifásítì yẹn ni? Wò ó bí ọrùn rẹ ṣe rí! Jókòó sápá òkè níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi, ìwọ ni àlejò." Ó yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó lórí ẹní. "Mere, lọ ṣeré níta."

"Bubu, a ò tíì..."

"Mo ní kó o lọ ṣeré."

Iṣẹ́ ìwádìí ló gbé Sereima débẹ̀. Màdáámù Rigamoto, olùkọ́ wọn, ló ní kí wọ́n dán an wò bóyá ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ lè yí ìdáhùn padà. Sereima àti Shalvin ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ọmọ ìlú Labasa tó jìnnà réré ni Shalvin, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní àdúgbò náà. Wọ́n pín àwọn ilé láàárín ara wọn, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi gbogbo ilé: "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣé ọjọ́ kan wà tí oúnjẹ ò tó yín nínú ilé yìí?"

Gbogbo ilé tí Sereima dé ló ní rárá. "Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Ọlọ́run ń bọ́ wa." Ní ilé tí Shalvin dé, èyí tó pọ̀ jù ló ní bẹ́ẹ̀ ni.

Inú Shalvin dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ṣùgbọ́n Màdáámù mi orí. "Àwọn wo ló purọ́ nínú wọn? Ó lè jẹ́ pé ojú ń ti àwọn tí Sereima bi, torí ọmọ wọn ni. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn ti Shalvin ń retí ìrẹsì, torí lẹ́yìn ìjì tó jà, àlejò tó mú bírò dání ló máa ń kó ìrẹsì wá. Ẹ wá ẹ̀rí. Láìsí ẹ̀rí, àbá lásán lẹ gbé wá fún mi."

"Ìwọ lọmọ àdúgbò," ni Shalvin wí bí wọ́n ṣe jáde. "Wo ìkòkò kan péré, kí á gba máàkì wa. Mi ò lè fi ẹ̀kọ́ yìí ṣeré, ọ̀rẹ́. Bàbá mi ń gé ìrèké kí n tó lè wà níbí."

Ọgbọ́n ńlá ni ọ̀rọ̀ náà jọ létí Sereima. Ó mú ilé Bubu Unaisi, torí òun ló dáhùn ketekete jù nígbà tí ó bi í: "A jẹ, a yó, ó tún ṣẹ́ kù."

Ní báyìí, Bubu kọ ẹ̀yìn sí i, ó fi ara bo ààrò. Sereima gbọ́ tí ó ṣí ìdérí ìkòkò, tí ó sì yára dé e padà. Ìyá àgbà náà tẹ́ aṣọ oúnjẹ sórí ẹní, ó na etí rẹ̀ dáadáa bí ẹni pé pásítọ̀ ló fẹ́ jẹun. Lẹ́yìn náà ló gbé àwo wá. Ẹ̀gẹ́ sísè ni, ègé méjì, pẹ̀lú tíì ewé ọsàn wẹ́wẹ́ tí kò ní ṣúgà.

"Ẹja pọ̀ lánàá, a fi tọrẹ ni," ni Bubu wí. "Ó yá, jẹun."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Bubu?"

"Èmi? Mo ti jẹ tipẹ́. Ikùn àgbà kì í gba nǹkan lálẹ́."

Láti ojú ihò ara páánù, Sereima rí Mere. Kò ṣeré kankan. Ó dúró ti táǹkì omi, ó kọjú sílé, ó sì ń fi ìka ha ara táǹkì náà.

Ẹ̀gẹ́ náà wúwo lẹ́nu Sereima. Ó jẹ ààbọ̀ ègé kan, ó rọra ti àwo síwájú. "Mo ti yó, Bubu."

"Kí ló dé? Ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn."

"Jẹ ẹ́ tán nígbà náà. Wọn ò ní gbọ́ pé o fi ebi kúrò nílé mi." Bubu mú abẹ̀bẹ̀, ó ń lé eṣinṣin fún un.

Sereima mọ̀ pé bí òun bá ṣẹ́ ẹ kù, Bubu á mọ ìdí tí òun fi ṣẹ́ ẹ kù. Ó jẹ ẹ́ tán. Ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ bí àlejò ṣe máa ń dúpẹ́. Bubu ń ká aṣọ oúnjẹ. Kò gbé ojú sókè.

"Ìbéèrè tó o bi mí níjọ́sí," ló wí, "ṣé ìdáhùn mi ti wá tẹ́ ọ lọ́rùn báyìí?"

Sereima tẹríba, ó wọ sálúbàtà rẹ̀, ó sì jáde. Nígbà tó dé ìta, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Shalvin pé òun ti lọ. Kò sọ ohun tí òun rí.

Láti ọjọ́ kejì ni ilẹ̀kùn Bubu Unaisi ti ń wà ní títì nírọ̀lẹ́. Ìyá Sereima ló kọ́kọ́ sọ ọ́, níbi tó ti ń ká aṣọ tó gbẹ.

"Àbí ara rẹ̀ ò yá ni? Unaisi tí kì í tilẹ̀kùn àfi bí ìjì bá ń bọ̀?"

Sereima kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀.

"O wọlé?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

"Mo wọlé, Màmá."

"O sì jẹun?"

"Mo jẹ ẹ́ tán."

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí aṣọ tó ń ká. "Èmi ni mo tọ́ ọ. Kí ni mo gbàgbé láti kọ́ ọ?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé yaqona lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ̀gbọ́n Bàbá á bá mi sọ̀rọ̀." Gbòǹgbò yaqona ni ẹlẹ́ṣẹ̀ fi ń tọrọ àforíjì níbẹ̀, níwájú àwọn àgbà, alágbàwí rẹ̀ á sì dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà ní gbangba.

"Ẹnu wo ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ á fi dárúkọ ẹ ní ẹlẹ́ṣẹ̀? Pé o jẹun nílé Unaisi? Wọn á ní kí ló burú níbẹ̀. Kó wá ṣàlàyé? O fẹ́ tú obìnrin náà sí ìhòòhò lẹ́ẹ̀kejì?"

"Ṣé kí n gbé oúnjẹ lọ fún wọn ni?"

"Lẹ́yìn tó o ti wo ìkòkò rẹ̀ tán? Sereima, jókòó síbẹ̀. Má tún ṣe nǹkan kan mọ́."

Nígbà tó kan Sereima àti Shalvin láti sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, Shalvin sọ tirẹ̀ dáadáa. Màdáámù Rigamoto fetí sí i títí dé òpin.

"Ẹ̀rí ńkọ́?" ló béèrè. "Ṣé ẹ yẹ ilé kankan wò?"

Shalvin rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Sereima ló lọ."

Sereima wo kíláàsì náà. Viniana wà níbẹ̀, ọmọ àdúgbò wọn ni. Bí òun kò tilẹ̀ dárúkọ ẹnikẹ́ni, gbogbo èèyàn á ti mọ ilé náà kí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó parí, torí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà ní títì.

"Rárá, Màdáámù," ló wí. "Mi ò lọ."

"O ò lọ?"

"Mi ò ráyè."

Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe rọrùn tó.

Shalvin lé e bá lójú ọ̀nà tó lọ sí ibùdókọ̀. "O lọ! Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi pé o lọ!"

"Mo lọ."

"Kí lo wá rí?"

"Mo jẹun."

"O jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n. "O jẹun, ikùn rẹ kún, o wá fi iṣẹ́ wa ṣòfò. Mo sọ fún ọ nípa bàbá mi, Sereima. Mo sọ fún ọ."

Ìtìjú mìíràn tún gun orí ti àkọ́kọ́. Sereima dúró.

"Padà lọ bá Màdáámù. Sọ fún un pé ìwọ ṣe ipa tìrẹ, èmi ni mi ò ṣe tèmi. Kó gé e nínú máàkì tèmi nìkan."

"Á bi mí pé kí nìdí."

"Sọ fún un pé ọ̀lẹ ni mí."

Shalvin sún mọ́ ọn. Ìbínú náà ti ń kúrò lójú rẹ̀. "Sereima, ṣé òótọ́ nìyẹn?"

"Òótọ́ ni," ló wí. "Kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."